Mo gbé àwọn òṣìṣẹ́ mi lọ sí Ìkògòsì, síbẹ̀ wọ́n fi mí sílẹ̀: ṣé inú dídùn òṣìṣẹ́ ń mú èrè wá lóòótọ́?

Ìyá kan tó ní ilé búrẹ́dì ní Adó-Èkìtì ló kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Òṣìṣẹ́ 13 ni mo ní: àwọn tó ń pò fúláwà, àwọn tó ń yan, àwọn tó ń di búrẹ́dì sí láílọ́ọ̀nù, dírẹ́bà méjì, àti ọmọbìnrin tó ń tà níwájú. Owó oṣù gbogbo wọn lápapọ̀ jẹ́ ₦720,000. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi tó wà ní Ìbàdàn sọ fún mi pé bí inú òṣìṣẹ́ bá dùn, èrè á pọ̀. Mo gbà á gbọ́. Ní Kérésì, mo ra ìrẹsì kóńgò márùn-ún àti adìyẹ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, mo gbé gbogbo wọn lọ sí Ìkògòsì, a jẹ, a mu, a ya fọ́tò. ₦650,000 ló bá a lọ, nítorí náà owó oṣù Dìsẹ́ńbà kò jáde títí di ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Jánúárì. Kí Jánúárì tó parí, ẹni tó mọ ààrò jù lọ nínú wọn ti lọ, dírẹ́bà kan sì tẹ̀lé e. Fúláwà ń dínkù ní sítọ́ọ̀. Mo ń yọ owó búrẹ́dì tó bá jóná lára owó oṣù wọn, síbẹ̀ jíjóná kò dínkù. Ṣé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ inú dídùn òṣìṣẹ́ yìí, àbí ọ̀rọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ olówó ni?"

Ẹ kú iṣẹ́, mà, ẹ sì kú ìnáwó. Ẹni tó bá mọ ohun tí ilé búrẹ́dì ń gbà, láti orí fúláwà dé orí iná, á mọ̀ pé ₦650,000 kì í ṣe owó tí èèyàn ń yọ lápò bẹ́ẹ̀. Tọkàntọkàn lẹ fi ṣe é, ìdí nìyẹn tó fi dùn yín tó báyìí. Ìbéèrè méjì ni mo rí nínú lẹ́tà yín. Èkíní ni èyí tí ẹ kọ síta, pé ṣé lóòótọ́ ni ilé-iṣẹ́ ń jèrè bí inú òṣìṣẹ́ bá dùn. Èkejì fara pamọ́, ṣùgbọ́n ó hàn nínú gbogbo ìlà: kí ni mo fi ṣe wọ́n tí wọ́n fi san án fún mi báyìí? Èkejì yìí ni màá kọ́kọ́ mú, nítorí bí a kò bá tú u, kò sí ohun tí mo lè sọ nípa èkíní tí yóò wọ̀ yín létí.

Ohun tí mo rí ní gbogbo ọdún tí mo fi bójú tó òṣìṣẹ́ nílé-iṣẹ́, àti láti ìgbà tí mo ti ń bá àwọn tó ní iṣẹ́ kéékèèké ní Adó, Ìkéré àti Ìfàkì yẹ ìwé wọn wò, ni pé inú dídùn tó ń mú èrè wá yàtọ̀ sí inú dídùn ọjọ́ àríyá. Ọjọ́ kan lẹ lò ní Ìkògòsì. Àwọn tó ń pò fún yín ń jí lóru, wọ́n ń dúró ti ààrò nígbà tí àdúgbò ṣì ń sùn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe lọ́pọ̀ òru inú ọdún. Bí òru wọ̀nyẹn bá ṣe rí fún wọn ni ọwọ́ wọn á ṣe rí lára iṣẹ́ yín. Ṣé owó wọn ń wọlé lọ́jọ́ tí ẹ dá? Ṣé wọ́n mọ ohun tí wọ́n lè jẹ̀bi rẹ̀ àti ohun tí kò kàn wọ́n? Ṣé irinṣẹ́ tí ẹ kó fún wọn ń ṣiṣẹ́? Ṣé ẹni tó ń pàṣẹ ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí? Àríyá kò burú, inú mi dùn pé wọ́n rí ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, àwọn kan nínú wọn lè má tíì dé ibẹ̀ rí láyé wọn. Ṣùgbọ́n kò lè dí àyè èyíkéyìí nínú àwọn ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí.

Ẹ wo gbólóhùn kan tí ẹ sáré kọjá nínú lẹ́tà yín: owó oṣù Dìsẹ́ńbà kò jáde títí di ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Jánúárì. Èmi dúró pẹ́ níbẹ̀. Jánúárì ni ilé-ìwé ń wọlé. Jánúárì ni ọ̀pọ̀ onílé ń béèrè owó ilé. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún, 2023, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ti gun òkè débi pé ẹni tó ń gbowó oṣù kì í ní àjẹṣẹ́kù tí yóò fi dúró de ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹni tó ń dá àjọ, tí ọjọ́ pé tí kò rí nǹkan dá, ojú ti tì í láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó lọ yá owó èlé kí ọmọ rẹ̀ lè wọlé ìwé, èlé ti jẹ nínú owó oṣù kí owó náà tó dé ọwọ́ rẹ̀. Nígbà náà ló wá ṣí fọ́tò Ìkògòsì lórí fóònù rẹ̀, ó sì wí nínú ara rẹ̀ pé owó òun ni wọ́n fi ra adìyẹ tí wọ́n gbé fún òun. Ẹ̀yin mọ̀ pé ẹ̀bùn lẹ ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá tọ ipasẹ̀ owó náà, kò rọrùn láti sọ pé irọ́ ló ń pa, nítorí ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́ pé ìnáwó yẹn ló dá owó oṣù dúró.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí a bá pín ₦650,000 sí ọ̀nà 13, ₦50,000 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí a bá tún pín ₦50,000 yẹn sí oṣù 12, ó lé díẹ̀ ní ₦4,000 lóṣù. Ìyẹn kò tó dá dírẹ́bà dúró bí ẹlòmíràn bá fi ₦20,000 lé owó rẹ̀. Nítorí náà n kò ní tàn yín pé ká ní owó oṣù lẹ fi kún ni, gbogbo rẹ̀ ì bá ti dára. Ibi tí mo ń lọ ni pé ₦650,000 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odidi owó oṣù kan fún gbogbo ilé, nítorí ₦720,000 lẹ ń san. Bí owó náà bá wà ní báǹkì lọ́tọ̀, tí ẹ kò sì fọwọ́ kàn án fún fúláwà tàbí dísẹ́ẹ̀lì, oṣù tí ọjà kò tà, tàbí tí àwọn tó kó búrẹ́dì láwìn kò bá tètè san, àwọn òṣìṣẹ́ yín kò ní mọ̀ rárá. Ọjọ́ owó oṣù á pé, owó á wọlé. Nínú gbogbo ohun tí ilé-iṣẹ́ kékeré lè ṣe kí ọkàn òṣìṣẹ́ balẹ̀, n kò tíì rí èyí tó tó owó tí kì í yẹ ọjọ́. Ó tún dín ohun kan kù tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í kà sí ìnáwó, ìyẹn wákàtí tí òṣìṣẹ́ fi ń pe fóònù kiri láti wá ẹni tí yóò yá a lówó, nígbà tí búrẹ́dì wà nínú ààrò.

Gbólóhùn kejì tí ẹ sáré kọjá ni owó búrẹ́dì jíjóná. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí òfin wí. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa tí wọ́n ń pè ní Labour Act, ní abala karùn-ún, kò fàyè gba kí agbanisíṣẹ́ máa bu owó ìtanràn kúrò nínú owó oṣù. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tó jẹ́ pé àìbìkítà rẹ̀ ló fa àdánù, ẹ lè yọ iye tó bá mu, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lákọsílẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí òfin yàn fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní Èkìtì kò mọ èyí, ojú tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn fi ń wò wọ́n kò sì dára. Ọ̀rọ̀ òfin nìyẹn. Èyí tó kan èrè yín tún wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Búrẹ́dì kì í jóná nítorí àìbìkítà nìkan. Ààrò wà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ gbóná ju iwájú lọ. Igi lè tutù lónìí kí ó gbẹ lọ́la. Iná lè lọ nígbà tí wọ́n ń pò lọ́wọ́, kí wọ́n máa fa jẹnẹrétọ̀ nígbà tí èyí tó ti wọ ààrò ń jóná lọ. Ẹni tó ń yan lè ti ṣiṣẹ́ òru mẹ́ta léra wọn nítorí ẹnì kejì rẹ̀ kò wá. Bí ẹ bá ń yọ owó láìwo ohun tó fà á, ohun méjì ló ń ṣẹlẹ̀. Ìkíní, òṣìṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi àṣìṣe pamọ́. Èyí tí fúláwà rẹ̀ kò wú dáadáa, tó yẹ kó wá sọ fún yín kí ẹ lè dá a dúró, á yan án bẹ́ẹ̀, á dì í sí láílọ́ọ̀nù, á sì kó o fún dírẹ́bà, nítorí búrẹ́dì tó le bí òkúta kò sí nínú ohun tí ẹ ń yọ owó lé lórí, èyí tó jóná nìkan ló wà. Oníbàárà yín ní Ìwòròkò ló máa jẹ ẹ́, òun náà ló sì máa yí sí búrẹ́dì ẹlòmíràn láìsọ fún yín. Ìkejì, á ṣírò iye tí ẹ ti yọ, á sì wá ọ̀nà tí yóò fi gbà á padà. Ibẹ̀ ni mo rò pé apá kan fúláwà yín ń gbà lọ.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò gbè sẹ́yìn olè, olè ni olè ń jẹ́. Ṣùgbọ́n irú èèyàn méjì ló ń mú nǹkan níbi iṣẹ́. Ọ̀kan, bí ẹ san owó ààrẹ fún un, á mú un. Ìyẹn ni ká mú, ká lé lọ, ká fi agádágodo sí sítọ́ọ̀, ká máa ka àpò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Èkejì gbà gbọ́ pé ẹ jẹ òun ní gbèsè. Ẹ lè fi agádágodo mẹ́ta sílẹ̀kùn fún ẹni èkejì yìí, á gba ọ̀nà míràn: á pẹ́ dé, á fi ìrọ̀lẹ́ sùn nídìí ẹ̀rọ, á da ṣúgà jù, á jẹ́ kí iná máa jó lásán. Irú eléyìí pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí mo ti wọ̀, ohun tó sì ń mú un padà bọ̀ sípò ni kí gbèsè tó rò pé ẹ jẹ òun kúrò nílẹ̀.

Ó wá ku ìbéèrè àkọ́kọ́ yín. Bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ olówó nìkan. Àwọn bàbá wa tó ń bẹ ọ̀wẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bẹ àwọn èèyàn sí oko rẹ̀, tí iyán rẹ̀ pẹ́ kó tó dé, tó sì fi ẹran ṣahun, kò sẹ́ni tó máa bá a jà lójú. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn tó bá bẹ ọ̀wẹ̀, wọ́n á pẹ́ kí wọ́n tó dé, ọkọ́ wọn á kan máa ha ojú ilẹ̀ ni, yóò sì rí i nígbà tí iṣu bá ta.

Ibi tí èrè ti ń kọ́kọ́ wá ni ibi tí owó kì í ti í jáde mọ́: lílọ àwọn ọwọ́ tó mọ iṣẹ́. Ìtàn tó gbajúmọ̀ jù lórí èyí ni ti Henry Ford ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1913, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ le, ó sì ń sú èèyàn, débi pé ó ní láti gba èèyàn tó lé ní 50,000 láàárín ọdún kan kí ó tó lè ní nǹkan bí 14,000 lẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń wọlé ni wọ́n ń jáde. Ní oṣù Jánúárì 1914, ó kéde pé òun máa san dọ́là márùn-ún lóòjọ́, ó sì dín wákàtí iṣẹ́ kù láti mẹ́sàn-án sí mẹ́jọ. Owó náà lé ní ìlọ́po méjì ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbà tẹ́lẹ̀. Lílọ òṣìṣẹ́ já wálẹ̀ gan-an láàárín ọdún kan. Àwọn tó ń fi ìtàn yìí kọ́ èèyàn kì í sábà sọ apá kejì: apá kan nínú dọ́là márùn-ún náà jẹ́ èrè tí òṣìṣẹ́ kò ní rí gbà àfi tí ìgbé ayé rẹ̀ bá tẹ́ ilé-iṣẹ́ lọ́rùn, Ford sì yan àwọn èèyàn tó ń lọ ilé wọn láti wò ó. Inú àánú kọ́ ló ti ṣe é. Ó ṣírò ohun tí lílọ-bíbọ̀ òṣìṣẹ́ ń jẹ lápò rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò tiyín. Ẹni tó mọ ààrò yín lọ ní Jánúárì, nínú ọyẹ́, nígbà tí òtútù òru ń mú kí fúláwà pẹ́ kó tó wú. Ó mọ iye àkókò tó gbọ́dọ̀ fi kún un, ó mọ páànù tí ẹ kò gbọ́dọ̀ tì sẹ́yìn pátápátá, ó mọ ìgbà tí ẹ yí irú fúláwà padà bí ẹ kò tilẹ̀ sọ fún un, nítorí bó ṣe ń fa omi mu yàtọ̀. Kò sí ibi tí ẹ kọ gbogbo èyí sí. Ó gbé e lọ. Ẹ wo ìwé yín láti Jánúárì títí di ìsinsìnyí: ìgbà mélòó ni odidi ìpò kan bàjẹ́? Ẹ mọ iye tí àpò fúláwà kan ń jẹ́ jù mí lọ, ẹ fi yíìsì, ṣúgà, bọ́tà àti iná kún un. Ẹ fi owó búrẹ́dì tí àwọn oníbàárà dá padà kún un, àti òru tí ẹ̀yin fúnra yín fi jí láti kọ́ ẹni tuntun. Iye tí ẹ bá rí ni owó tí ilé-iṣẹ́ yín san nítorí ẹnì kan ṣoṣo. Ó ṣeé ṣe kí ó ju ₦650,000 lọ kí ọdún tó parí.

Èrè kejì wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń kojú oníbàárà. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Oxford fi nǹkan bí oṣù mẹ́fà tẹ̀lé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ta ọjà lórí fóònù fún ilé-iṣẹ́ fóònù BT ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó tó 1,800. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n tẹ àwòrán ojú tó bá bí ọ̀sẹ̀ náà ṣe rí fún wọn mu, láti orí ojú tó fajú ro dé orí èyí tó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n fi í wé ohun tí wọ́n tà, wọ́n rí i pé inú dídùn mú ọjà títà lọ sókè ní nǹkan bí ìdá 13 nínú 100. Wákàtí iṣẹ́ wọn kò gùn sí i. Ìpè tí wọ́n ń ṣe láàárín wákàtí kan ló pọ̀ sí i, èyí tó pọ̀ sí i nínú ìpè wọn sì ń parí sí ọjà. Mo fẹ́ràn ìwádìí yìí nítorí kò fi ilé-iṣẹ́ kan wé òmíràn. Èèyàn kan náà ló fi wé ara rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ó sì hàn nínú rẹ̀ pé èrè náà pọ̀ jù níbi tí iṣẹ́ ti gba kí èèyàn yí ọkàn ẹlòmíràn padà. Ọmọbìnrin tó ń tà níwájú lọ́dọ̀ yín àti dírẹ́bà tó ń bá àwọn ìyá onígbá sọ̀rọ̀ ní Ọjà Ọba ni mo máa fi èyí wò. N kò ní fi ìdá 13 yẹn wo ẹni tó ń pò, nítorí ẹ̀rọ ló ń pinnu iye tó lè pò. Níbi tirẹ̀, ẹ máa rí ìyàtọ̀ nínú ohun tí kò bàjẹ́.

Ẹ tún lè béèrè pé kí ló dé tí ẹ̀bùn ńlá kò fi wú wọn lórí tó bí mo ṣe ń sọ. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Frederick Herzberg, bi àwọn ẹnjiníà àti àwọn aṣírò owó bíi 200 léèrè ní ìlú Pittsburgh nípa ìgbà tí iṣẹ́ dùn mọ́ wọn àti ìgbà tó sú wọn, ó sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 1959. Ohun tó rí ni pé ohun tó ń bí èèyàn nínú níbi iṣẹ́ àti ohun tó ń mú iṣẹ́ wu èèyàn kì í sábà jẹ́ ohun kan náà. Owó tí kò tó tàbí tí kò dé lásìkò, ọ̀gá tó ń kanra, ibi iṣẹ́ tí kò dára: àwọn wọ̀nyí ń bí èèyàn nínú, ṣùgbọ́n bí ẹ tilẹ̀ tún wọn ṣe, ìyẹn kò sọ ọ́ di dandan pé á fẹ́ràn iṣẹ́. Ohun tó ń jẹ́ kí ó fẹ́ràn rẹ̀ ni kí ó ṣe nǹkan tó yọrí, kí wọ́n rí i pé òun ló ṣe é, kí wọ́n fún un ní ohun tó máa darí fúnra rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn ti bá a jiyàn, wọ́n ní kò sẹ́ni tí kì í yin ara rẹ̀ nígbà tó bá dára kí ó sì dá ọ̀gá lẹ́bi nígbà tó bá burú. Ẹnjiníà Pittsburgh kì í sì í ṣe ẹni tó ń yan búrẹ́dì ní Adó. Ní tiwa níbí, owó tó tó jẹun lágbára ju bí ó ti fi í sí lọ. Síbẹ̀, ó ràn mí lọ́wọ́ láti lóye ọ̀rọ̀ yín. Ohun tó ń bí wọn nínú ṣì wà nílẹ̀, ẹ wá gbé ìdùnnú lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ẹ kò mẹ́nu bà, bóyá nítorí kò sí lọ́dọ̀ yín, ṣùgbọ́n mo ti rí i lọ́pọ̀ ibi débi pé n kò lè fò ó. Ilẹ̀ Èkìtì la wà. Ohun tó gbé ogun Kírìjì dìde, tí wọ́n fi wá fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ nìkan. Ìwọ̀sí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ló mú kí àwọn ará ibí yìí sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ọmọ Èkìtì á gba owó tí kò pọ̀, á sì máa ṣe iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bú u níwájú oníbàárà, tí ẹ bá ní kí àgbàlagbà tó lọ́mọ nílé wá máa fọ aṣọ ní ilé yín lẹ́yìn iṣẹ́, tàbí tí ẹ bá fi ìbátan yín kan ṣe alábòójútó, tó ń pẹ́ dé tí ẹnikẹ́ni kò lè bá a wí, ọkàn rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì kúrò. Ti ìbátan yìí ló burú jù. Mo mọ iṣẹ́ tó dára tó rọ nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n ọ̀gá, kò sì sí iye owó oṣù tó lè wo ọgbẹ́ rẹ̀ sàn.

Kí lẹ wá lè ṣe pẹ̀lú agbára yín? Fífi owó kún owó oṣù dára, ṣùgbọ́n ẹ má ṣèlérí ohun tí ẹ kò lè san fún ọdún méjì léraléra, nítorí owó tí ẹ fi kún tí ẹ tún dín kù burú ju kí ẹ má fi kún un rárá. ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin láti 2024, òfin náà kò sì de ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, nítorí náà kò mú yín. Ṣùgbọ́n gbogbo òṣìṣẹ́ yín ló mọ iye yẹn, wọ́n sì ń fi wé tiwọn. Bí ẹ kò bá lè dé ibẹ̀, ẹ sọ fún wọn, ẹ ṣí ìwé fún wọn díẹ̀ kí wọ́n rí ohun tí fúláwà ń gbà. Àgbàlagbà ni wọ́n, ó máa yé wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni mẹ́ta péré lẹ lè fi owó kún fún, ẹni tó ń yan, ẹni tó ń pò àti ẹni tó ń tà níwájú ni mo máa kọ́kọ́ wò, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba kí wọ́n má bàa pè é ní ojúsàájú. Ìsinmi kò wọ́n. Òfin fún òṣìṣẹ́ tó bá ti pé oṣù 12 ní ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ó kéré tán lọ́dún, pẹ̀lú owó rẹ̀. Nínú àwọn ilé búrẹ́dì tí mo mọ̀, ìwọ̀nba ló ń fún wọn, bẹ́ẹ̀ ẹni tó rẹ̀ ni búrẹ́dì ń jóná lọ́wọ́ rẹ̀ jù.

Ní ti jíjóná, ẹ dá owó tí ẹ ń yọ dúró, kí ẹ fi ìwé kan sí ẹ̀gbẹ́ ààrò. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ lóru á kọ iye tó bàjẹ́ àti ohun tó rò pé ó fà á, kò sì ní sanwó kankan nítorí pé ó kọ ọ́. Ẹni tí kò bá kọ ọ́, tí ẹ wá rí i, ìyẹn ni kí ẹ bá wí. Fún oṣù àkọ́kọ́, àdánù á fẹ́ jọ pé ó pọ̀ sí i, nítorí gbogbo ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ ló máa jáde. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ máa rí i bóyá ààrò lẹ̀bi wà, tàbí igi, tàbí ẹnì kan pàtó. Bí àdánù bá dínkù gidi, ẹ lè mú apá kan nínú owó tó yọ níbẹ̀ pín fún àwọn tó ń pò àti àwọn tó ń yan. Èmi fara mọ́ èyí ju ẹ̀bùn Kérésì lọ, nítorí wọ́n á mọ ohun tí wọ́n ṣe tí wọ́n fi rí i gbà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi mọ pẹ̀lú. Lẹ́tà yín nìkan ni mo kà, n kò gbọ́ tẹnu àwọn tó lọ. Ó ṣeé ṣe kí dírẹ́bà yín ti rí iṣẹ́ tó sún mọ́ ilé rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ Jánúárì má sì wà nínú rẹ̀ rárá. Inú dídùn òṣìṣẹ́ kò lè mú fúláwà wálẹ̀, kò sì lè gba ilé-iṣẹ́ là tó bá ń ta búrẹ́dì ní iye tí kò tó owó tó ná. Ó tún wà níbẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ tó ń jèrè ló sábà máa ń rí owó fi tọ́jú òṣìṣẹ́, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ẹ bá rí èrè àti ẹ̀rín pa pọ̀ ni ẹ̀rín ló bí èrè. Mo sì ti rí ọ̀gá tó fẹ́ kí gbogbo èèyàn fẹ́ràn òun, tí kò lè bá ẹnikẹ́ni wí. Ibẹ̀ bàjẹ́ kíákíá, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ló sì kọ́kọ́ kúrò, nítorí àwọn ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ àwọn ọ̀lẹ mọ́ tiwọn.

Nítorí náà, ẹ mú ọjọ́ kan fún owó oṣù, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó oṣù kan sí báǹkì díẹ̀díẹ̀, kódà bó jẹ́ ₦60,000 lóṣù, ọdún kan á mú un pé. Ẹ lọ bá ẹni tó mọ ààrò yẹn nílé rẹ̀, ẹ má mú ẹ̀bùn dání, ẹ béèrè ohun tó lé e lọ, kí ẹ sì gbọ́ ọ tán kí ẹ tó fèsì. Ó lè padà, ó lè má padà, ṣùgbọ́n ẹ máa mọ ohun tí àwọn tó kù kò lè sọ fún yín. Láti oṣù yìí, ẹ máa kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀: iye búrẹ́dì tó bàjẹ́, iye ọjọ́ tí èèyàn kò wá sẹ́nu iṣẹ́, àti iye ẹni tó lọ. Nígbà tó bá pé oṣù mẹ́fà, ẹ fi oṣù tó kẹ́yìn wé ti àkọ́kọ́. Bí ohun tó ń bàjẹ́ kò bá dínkù rárá lẹ́yìn tí owó ti ń wọlé lásìkò tí ẹ kò sì yọ nǹkan mọ́, ẹ pe ẹni tó ń tún ààrò ṣe kí ẹ tó dá òṣìṣẹ́ kankan lẹ́bi, kí ẹ sì fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi, ká jọ wò ó.